Ìjókòó kẹ̀kẹ́ aláwọ: kí ló ń pa á, kí ló sì lè jí i?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ aláwọ àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ kàn, mo sè é ni. Kì í ṣe pé mo gbé e kaná o. Mo ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn èèyàn máa ń fi omi rọ awọ tó bá ti le, mo wá rò ó lọ́kàn ara mi pé bí omi tútù bá lè rọ̀ ọ́, omi gbígbóná á tètè rọ̀ ọ́. Mo da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó láti inú kẹ́túlù sínú báàfù, mo sì ki ìjókòó náà bọ̀ ọ́. Kí n tó yíjú padà, ó ti ká jọ bíi pọ̀nmọ́ tí iná rà. Imú rẹ̀ fà sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì lọ́ sókè. Nígbà tó sì gbẹ, ó le bí igi.

Ìjókòó ọ̀hún kì í ṣe tèmi. Ti bàbá àgbà ni, ó wá láti ara Raleigh tí wọ́n ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Kẹ̀kẹ́ náà ti lọ tipẹ́, ìjókòó nìkan ló kù. Wọ́n ní kí n bá wọn tún un ṣe, pé ṣebí sáyẹ́ǹsì ni mò ń kà. Ọjọ́ tí mo gbé e padà lọ bá wọn ní Challenge, wọ́n yí i síwá yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, "Àkànní, ọbẹ̀ wo lo fi í sè?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i pé ó dùn wọ́n. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ ka ohun tó yẹ kí n ti kà ṣáájú, kí n sì gbé ìjókòó mìíràn dání láti fi tún ọwọ́ mi ṣe. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ bá yín sọ, kí ẹ̀yin má baà se ti bàbá tiyín.

Irú ìjókòó wo là ń sọ?

Síìtì kẹ̀kẹ́ tí ẹ ń rí lóde òní, fóòmù ni wọ́n tẹ́ sínú, wọ́n wá fi rọ́bà tàbí awọ àtọwọ́dá bò ó. Ti ayé ọjọ́un yàtọ̀. Awọ màlúù kan ṣoṣo ni, tó nípọn tó nǹkan bíi milimítà 5, wọ́n sì fi ìṣó bàbà kàn án mọ́ irin níwájú àti lẹ́yìn. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀, òfìfo ni. Bí awọ ìlù ló ṣe rí: fífà tí wọ́n fà á ló ń gbé yín ró. Lábẹ́ imú rẹ̀, bóòtù kan wà tí wọ́n fi ń fà á kó lè le sí i.

Orúkọ tí ẹ máa bá lára ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Brooks. John Boultbee Brooks bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ awọ rẹ̀ ní Birmingham ní 1866, ohun èlò ẹṣin ló ń ṣe nígbà náà. Ní 1882 ló gba ìwé àṣẹ fún ìjókòó kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Irú ìjókòó aláwọ báyìí ló wà lórí àwọn kẹ̀kẹ́ ológeere tó ń ti Nottingham dé ọ̀dọ̀ wa láyé òyìnbó. Lónìí, inú àwọn kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ la ti sábà máa ń rí wọn n'Ìbàdàn. Ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ náà á tú awọ gbígbẹ yẹn sọnù, á fi fóòmù dípò. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìkejì mi: oníkẹ̀kẹ́ kan lẹ́bàá Ring Road ti jù ú sínú garawa pẹ̀lú ṣéènì tó ti dógùn-ún. Ó tiẹ̀ bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe.

Pọ̀nmọ́ àti lẹ́dà, ọmọ ìyá kan náà

Láti mọ ohun tí omi gbígbóná ṣe fún ìjókòó bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sí ìsọ̀ pọ̀nmọ́ ní Bódìjà. Awọ tó wà lórí àtẹ níbẹ̀ àti awọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́, ara màlúù kan náà ni méjèèjì ti wá. Ohun tó pọ̀ jù nínú wọn ni pùrótéènì kan tó ń jẹ́ kọ́lájìn. Mólékù kọ́lájìn dà bí okùn: fọ́nrán mẹ́ta ló lọ́ mọ́ ara wọn, àwọn ìdè kéékèèké ló sì ń di wọ́n mú kí wọ́n má tú. Àìmọye irú okùn bẹ́ẹ̀ ló wá pa pọ̀ di fọ́nrán tó tóbi, èyí tó hun ara rẹ̀ kiri inú awọ láìsí ètò. Ìdí nìyẹn tí awọ kì í fi í ya tààrà bí aṣọ.

Bí awọ tútù bá wà nínú omi tó gbóná tó nǹkan bí 60 sí 65°C, àwọn ìdè kéékèèké yẹn á já. Fọ́nrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á tú kúrò lára ara wọn, oníkálukú á ká kò bí òwú tí ẹ tú lára súwẹ́tà. Awọ náà á kúrú, á sì nípọn sí i. Bí ẹ bá ń sè é lọ, kọ́lájìn á di jẹ́látìn, ohun tó ń yọ̀ lẹ́nu tó ń jẹ́ kí pọ̀nmọ́ dùn nínú ọbẹ̀ nìyẹn. Àṣeyọrí ni lójú ọlọ́bẹ̀, òkú ni lójú oníkẹ̀kẹ́.

Àwọn tó ń ṣe lẹ́dà mọ bí wọ́n ṣe ń dá èyí dúró. Wọ́n á ki awọ bọ inú omi tí táníìnì wà nínú rẹ̀. Ẹ mọ táníìnì, bí ẹ ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: òun ló wà nínú obì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, òun ló ń fún ẹnu yín pọ̀ bí ẹ bá jẹ wọ́n. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu yín ni pé táníìnì ń so mọ́ pùrótéènì inú itọ́. Nínú awọ, kọ́lájìn ló ń so mọ́, ó ń wọ àárín àwọn okùn yẹn, ó ń di wọ́n pọ̀, bákítéríà ò sì rí wọn jẹ mọ́. Lókè Ọya, èso igi kan tí àwọn Hausa ń pè ní bagaruwa ni wọ́n ti ń lò fún iṣẹ́ yìí láti ayé àtijọ́. Awọ ewúrẹ́ pupa ilẹ̀ Sókótó tí wọ́n ṣe báyìí gba inú aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Yúróòpù, wọ́n sì ń pè é ní awọ Morocco níbẹ̀, nítorí ọ̀nà Morocco ló gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Iṣẹ́ tiwa ni, orúkọ oníbodè ló ń jẹ́.

(Ní 2022, ilé-ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ awọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Samaru, Zaria, dábàá pé kí ìjọba fi òfin de jíjẹ pọ̀nmọ́ kí awọ lè wà fún àwọn tó ń ṣe lẹ́dà. Ẹ rántí ariwo tó sọ lórí Twitter. Mo fẹ́ràn lẹ́dà o, àmọ́ mi ò sí nínú ìyẹn.)

Lẹ́dà tí wọ́n fi táníìnì igi ṣe lè fara da omi tó gbóná tó 75 sí 85°C kó tó ká jọ. Èyí tí wọ́n fi kurómíọ̀mù ṣe, irú èyí tó pọ̀ lára bàtà òde òní, lè kọjá 100°C. Àmọ́ ohun tí n kò mọ̀ nígbà yẹn rèé: bí lẹ́dà bá ṣe ń gbó ni ìwọ̀n yìí ń wálẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń fi èyí mọ bí awọ ìwé ṣe bàjẹ́ tó. Wọ́n á já fọ́nrán díẹ̀ tín-ín-rín lára rẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á máa mú un gbóná díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù, wọ́n á sì ṣọ́ ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í ká jọ. Awọ tó ti bàjẹ́ gan-an lè ká jọ kí omi tó gbóná tó èyí tí ẹ máa fi wẹ̀. Omi kẹ́túlù wá ń kọ́? Ìjókòó bàbá ò ní ọ̀nà àbáyọ kankan.

Ohun tó ń pa á

Ọ̀tá mẹ́ta ló ní. Ọyẹ́ ni àkọ́kọ́. Ọ̀rá wà láàárín àwọn fọ́nrán lẹ́dà, omi díẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀rá yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lórí ara wọn bí a bá jókòó lé e. Bí ọ̀rá bá tán tí ọyẹ́ sì fa omi náà jáde, fọ́nrán á máa ha ara wọn, wọ́n á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. Sísán tí ẹ ń rí lójú awọ, àbájáde rẹ̀ ni.

Èkejì ni òjò wa. Láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù kẹwàá, ọ̀rinrin Ìbàdàn tó kí lẹ́dà bu bí búrẹ́dì. Awọ tó rin sì máa ń fà gùn bí èèyàn bá jókòó lé e, kì í sì í padà sípò rẹ̀ mọ́. Nítorí náà ni àárín ìjókòó ṣe máa ń tẹ̀ wọlé.

Ẹ̀kẹta kò hàn sójú, òun ló sì burú jù. Ní 1843, wọ́n ké sí Michael Faraday pé kó wá wo ohun tó ń ba awọ ìwé jẹ́ ní ẹgbẹ́ Athenaeum ní London. Ó di ẹ̀bi rẹ̀ ru àtùpà gáàsì tí wọ́n ń tàn nínú ilé náà. Èéfín tó ní sọ́fọ̀ nínú máa ń di ásíìdì bó bá pàdé ọ̀rinrin inú awọ, ásíìdì yẹn á sì máa gé okùn kọ́lájìn sí wẹ́wẹ́. Awọ náà á di lẹ́búlẹ́bú pupa tó ń kun ọwọ́. Ẹ wá ro ti ìjókòó tó ti lo ogún ọdún nínú gáréèjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ oní-díísù.

Ẹ̀kẹta yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó náwó. Ẹ fi èékánná ha abẹ́ ìjókòó náà jẹ́jẹ́. Bí ohun tó ń bọ́ bá jẹ́ ìdọ̀tí, ó dáa. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun pupa, tí awọ náà sì ń ya bíi páálí, ẹ gbé e kọ́ sára ògiri fún ẹwà. Kò sí òróró tó lè so okùn tó ti gé padà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó wà, ọjà ló ń tà.

Bí mo ṣe ṣe ti ìkejì

Mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá bàbá aránbàtà kan ní Sábó, àdúgbò tí àwọn Hausa ti wà n'Ìbàdàn láti 1916. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní, "Omi tútù. Má sá a sóòrùn. Ìsàlẹ̀ ni kóo fún lóúnjẹ, kì í ṣe òkè." Gbogbo ohun tí mo kà lẹ́yìn ìyẹn, àlàyé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ni.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn èébú funfun ara rẹ̀ dànù níta, mo sì bo imú. Mo wá fi aṣọ tí mo rẹ sínú omi tútù, tí mo sì fún dáadáa, nù ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo ọṣẹ dúdú, ẹ má sì lo ọṣẹ ìfọṣọ. Ásíìdì díẹ̀ wà lára lẹ́dà oní-táníìnì, pH rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 3.5 sí 5. Ọṣẹ dúdú lè tó 9 tàbí 10, ó sì lè máa tú táníìnì kúrò lára kọ́lájìn. Ẹ ó rí omi rẹ̀ tó pọ́n bí tíì, ẹ ó máa rò pé ìdọ̀tí ló ń jáde.

Lẹ́yìn náà ni mo jẹ́ kó gbẹ níbòji fún ọjọ́ méjì. Kò sóòrùn, kò sí fáànù tààrà.

Oúnjẹ rẹ̀ ló kàn. Ìpara tí Brooks fúnra wọn ń tà ní ọ̀rá ẹran, òróró ẹja àti ìda oyin nínú, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi. Mo wo ohun tó wà nítòsí. Epo pupa á kun ṣòkòtò yín. Òróró ẹ̀pà ṣàn jù, ọ̀rá inú rẹ̀ sì máa ń tètè kan nítorí afẹ́fẹ́ ń rí i bà jẹ́. Ẹ́ńjìnì ọ́ìlì, ẹ má tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Òrí ló gbé ipò kìíní: ọ̀rá inú rẹ̀ kì í tètè kan, ó dì nínú ilé, ó sì ń yọ́ bí ọwọ́ bá ti rà á. Àmọ́ òrí nìkan á jẹ́ kí awọ rọ̀ jù. Mo wá fi ìda oyin sí i, ìwọ̀n òrí mẹ́ta sí ìda kan. Mo gbé agolo wọn sínú ìkòkò omi gbígbóná, nítorí ìda kì í yọ́ títí á fi gbóná tó 62°C tàbí jù bẹ́ẹ̀. Níbí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti rántí ìjókòó bàbá: ẹ jẹ́ kí àdàlù náà tutù, kó dì bí ìpara, kẹ́ ẹ tó fi kan awọ. Ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ fi pa á, ooru ara tó.

Abẹ́ ni mo pa púpọ̀ sí, torí abẹ́ ṣí sílẹ̀, fọ́nrán ibẹ̀ tú, ó ń mu ọ̀rá. Ojú òkè dì, díẹ̀ ló ń gbà. Mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo nu èyí tó kù kúrò, mo tún pa á lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ó tó. Ẹ má ṣe rò pé bó bá ṣe pọ̀ ló ṣe dáa. Awọ tó mu ọ̀rá yó kò lè gbé èèyàn ró.

Láàárọ̀ ọyẹ́ kan, mo rí funfun lára rẹ̀, àyà mi já. Mo rò pé ó tún ti bu ni. Ọ̀rá òrí tó dì ló jáde sójú. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rọrùn: ẹ fi ẹ̀rọ ìgbẹrun fẹ́ ẹ láti òkèèrè. Bó bá yọ́ wọlé, ọ̀rá ni. Bí kò bá yọ́, bíbu ni, ẹ fi sípírítì díẹ̀ nù ún, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dán an wò lábẹ́, torí ó lè bó àwọ̀ rẹ̀.

Ti bóòtù abẹ́ imú: ìdámẹ́rin yíyí kan péré, kẹ́ ẹ wò ó. Má fà á nígbà tí awọ gbẹ tí kò tíì jẹun, ibi ìṣó bàbà ló máa ti ya. Tèmi ti dógùn-ún débi pé kò yí rárá. Mo ní kí aránbàtà yẹn bá mi fi òòlu lu ihò mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀, mo fi okùn awọ hun wọ́n pọ̀ lábẹ́ bí ìdè bàtà. Bí ẹ bá fà á, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á súnmọ́ra, àárín tó ti tẹ̀ á sì gbéra sókè. Èmi fẹ́ràn bó ṣe rí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọ̀ dúdú láti inú ìṣó

Ìjókòó mi ti pá ní oríṣiríṣi ibi, mo sì fẹ́ kó dúdú. Mi ò ra kun. Ẹ ti rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ṣe máa ń fi dúdú sára ọ̀bẹ irin àti ọwọ́ ẹni tó ń bó o? Táníìnì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló pàdé irin. Ohun kan náà ni mo ṣe. Mo rẹ kànìnkànìn onírin, tí mo ti fi ọṣẹ fọ òróró rẹ̀ kúrò, sínú fínígà funfun fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má dé ìgò náà pa o: haidirójìn ń jáde níbẹ̀, ìgò tó dé pa lè bẹ́, iná ò sì gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn. Mo sẹ́ ẹ, mo fi omi là á, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo fi aṣọ pa á sójú awọ. (Kíkùn yìí ni mo ṣe kí n tó fi òrí pa á, torí ọ̀rá kì í jẹ́ kó wọlé.) Omi náà kò dúdú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀ rárá. Àmọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, awọ náà di eérú, ó di búlúù, ó wá dúdú bí kóòlù. Mo pariwo nínú yàrá, ẹni tí a jọ ń gbé ní Àgbowó rò pé iná mú mi.

Kì í ṣe pé a kun ún. Awọ fúnra rẹ̀ ló di dúdú, nítorí náà kì í bó sára aṣọ bẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ dáadáa. Ó sì tún jẹ́ àyẹ̀wò: ẹ kán ẹ̀kán kan sábẹ́ awọ tí ẹ bá ń ṣiyèméjì lé. Bó bá dúdú, táníìnì wà níbẹ̀. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ awọ oní-kurómíọ̀mù tàbí rọ́bà tí wọ́n ń pè ní awọ.

Ewu rẹ̀ ni pé ásíìdì àti irin tó bá ṣẹ́ kù nínú awọ á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí omi náà ṣàn, ẹ má pa á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ po ṣíbí kékeré kan béékìn sódà mọ́ omi lítà kan, ẹ fi nù ún, ẹ wá fi omi lásán nù ún lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gbé e lọ sí Challenge lọ́jọ́ Àìkú kan. Bàbá àgbà fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀, wọ́n tún tẹ ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ní ó ṣì le. Mo ní yóò rọ̀ bí wọ́n bá ti ń gùn ún. Wọ́n wò mí. "Ta ni yóò gùn ún? Èmi ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé?" Wọ́n ní kí n lọ wá kẹ̀kẹ́ sí i, kí n máa gùn ún wá kí wọn, àti pé kí n má sọ èyí tí mo sè nù, kí n fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rédíò wọn ló wà títí di òní.

Nígbà òjò, mo ń fi náílọ́ọ̀nù bo ìjókòó mi kí n tó jáde. Bí mo bá ti dé ilé, mo ń ṣí i kúrò lójú ẹsẹ̀, torí ọ̀rinrin tó há sábẹ́ náílọ́ọ̀nù máa ń jẹ́ kó bu ju òjò fúnra rẹ̀ lọ. Òrí àti ìda náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mò ń pa á: nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àti nígbà tí ọyẹ́ bá kọ́kọ́ fẹ́.